Ohun Tó Lé Lára Òòyà

Òòyà méjìlá ló wà lórí tábìlì, kò sì sí ọ̀kan tí eyín rẹ̀ pé.

Wọ́n tò wọ́n sórí ìwé funfun ní ìlà méjì. Òòyà kéékèèké ni wọ́n, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń yọ iná orí àwọn ọmọ iléèwé. Eyín mẹ́rìnlélógójì ló yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, gígùn kan náà. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí dà bí ẹnu arúgbó: eyín àárín gùn díẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ kúkúrú, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ hù rárá.

"Ẹ wò ó fúnra yín," ni Alága wí. Òun ló ni ilé iṣẹ́ rọ́bà náà. "Oṣù mẹ́wàá ni ọmọbìnrin yìí fi ń lo iná mi, tó ń lo rọ́bà mi, tó ní òun ń ṣe ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó kó ogójì òòyà tó pé pérépéré wá sí ọ́fíìsì mi. Lónìí tí àlejò dé, eyín ò hù. Jìbìtì ni! Ibòmíràn ló ti ra ogójì yẹn. Ẹ mú un."

Obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ kò tíì gbójú sókè. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ìyá Síbẹ̀síbẹ̀ ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí bí ènìyàn bá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún un títí tí onítọ̀hún fi rò pé ó parí, ohun tí yóò tẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn. Sájẹ́ǹtì tó bá a wá fi ọdún mẹ́ta jù ú lọ. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ń ró níbàdí rẹ̀, ebi sì ń pa á.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, ẹni tó fẹ́ ra òòyà náà fún gbogbo iléèwé agbègbè, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé báàgì lé itan. Ó wo aago. Aago kan kù díẹ̀.

"Ọkọ̀ mi ń bọ̀ ní aago mẹ́rin," ó ní. "Bí mi ò bá rí òòyà tó pé kó tó dé, ilé iṣẹ́ mìíràn ni mo ń lọ. Iná orí ò ní dúró dè wá."

Ẹni tí wọ́n ní kí wọ́n mú dúró sí igun yàrá nínú aṣọ iṣẹ́ eléérú. Ẹnjiníà ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é. Kálípà, ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn ìnípọn irin, wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi wọn ìbú bíró tó wà lórí tábìlì, ó fi wọn etí tábìlì, ó fi wọn ọmọrí ìgò omi Sájẹ́ǹtì. Kò dà bí ẹni pé ó mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Alága," ni Ìyá Síbẹ̀síbẹ̀ wí, "ṣé ó ṣẹ́ kù fún yín nínú ogójì yẹn?"

Alága ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú òòyà kan jáde. Eyín rẹ̀ pé. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú èyí tó bàjẹ́, ó fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò wọ́n.

"Ìlà kan wà láàárín eyín kẹrin àti ìkarùn-ún, tín-ín-rín bí irun. Ó wà lára èyí tó dára, ó sì wà lára èyí tí kò dára. Ibo ni irú ìlà bẹ́ẹ̀ ti ń wá?"

"Àpá kékeré kan wà nínú mọ́ọ̀dù, irin oníhò tó ń fún rọ́bà ní ìrí òòyà," ni Alága dáhùn. "Ohunkóhun tó bá wà nínú mọ́ọ̀dù, rọ́bà á gbé e jáde."

"Inú mọ́ọ̀dù yín ni àwọn méjèèjì ti jáde, nígbà náà. Kò ra nǹkan kan níbòmíràn."

Alága na ìka sí òòyà tó wà lórí tábìlì. "Ó lè jẹ́ pé... Ṣùgbọ́n eyín ò hù!"

"Eyín ò hù. Síbẹ̀síbẹ̀, ó ti hù rí. Ohun tó yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ń wá."

*

Ó pe Ẹnjiníà jókòó.

"Ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún mi. Má fi ọ̀rọ̀ ṣòfò."

Ojú Ẹnjiníà là díẹ̀. "Mà, rọ́bà tó yọ́ kì í ṣàn bí omi. Ó ki bí oyin. Mọ́ọ̀dù tutù. Bí a bá ti rọ́bà wọ inú rẹ̀, etí rọ́bà á ti máa dì kó tó dé ìdí ihò tín-ín-rín. Ọ̀nà méjì làwọn èèyàn mọ̀: kí wọ́n fi ooru kún un, tàbí kí wọ́n fi agbára tì í. Ooru àpọ̀jù ń jó rọ́bà. Agbára àpọ̀jù ń ya mọ́ọ̀dù."

"Ìwọ ń kọ́?"

"Èmi ń mì í. Ẹni tó bá ti kó ẹ̀wà sápò rí mọ̀ pé bí àpò bá fẹ́ kún, èèyàn kì í fi ẹsẹ̀ kì í. Mímì ló ń mì í, ẹ̀wà á sì wá àyè fúnra rẹ̀. Inú rọ́bà dà bí òwú tó lọ́ mọ́ra. Bó bá ń gbọ̀n, òwú á tú, ọ̀kan á yọ̀ kọjá lára ìkejì."

"Kí ló ń mì í?"

"Irin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ahọ́n. Kò gùn ju bíró lọ. Orí rẹ̀ gba ihò kan wọ mọ́ọ̀dù, ó bá ògiri inú mọ́ọ̀dù dọ́gba, ibẹ̀ ló ti ń kan rọ́bà. Àpótí iná kan ń mú kó gbọ̀n ní ìgbà ẹgbàáwàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó yára débi pé etí ò lè gbọ́ ọ, ojú ò sì lè rí i."

"Ẹ gbọ́ ọ!" ni Alága ké. "Etí ò gbọ́, ojú ò rí! Jìbìtì wo ló tún ju ìyẹn lọ?"

Ìyá Síbẹ̀síbẹ̀ kò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Kí ló ṣe Ahọ́n lónìí?"

"Mi ò mọ̀, mà."

Ìdáhùn yẹn yá jù. Ẹni tó ti ń fi ẹ̀wà àti òwú ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gé lójijì bí okùn.

"Ṣé o ti wọ̀n ọ́n?"

"Rárá."

"Kí ló dé?"

"Mi ò kàn wọ̀n ọ́n ni." Ó ti kálípà bọ àpò àyà rẹ̀, ó fi ọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

*

Láti ọ́fíìsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló lọ sí gbọ̀ngàn ẹ̀rọ. Alága tẹ̀ lé àwọn ọlọ́pàá méjèèjì. Ìyá Síbẹ̀síbẹ̀ máa ń ka ohunkóhun tó bá wà lára ògiri. Ìwé mẹ́ta ló kà lọ́nà. Èkíní ní kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá. Ìkejì ní ẹni tó bá mu tíì tán kí ó fọ ife rẹ̀. Ìkẹta ní àlejò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, gbogbo irin tí ojú àlejò máa kàn gbọ́dọ̀ dán bí dígí.

"Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ilẹ̀kùn ń fi ojú mi hàn mí," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ọ̀gá, mo ti rù."

"Ẹ ti jẹun láàárọ̀, Sájẹ́ǹtì."

"Àárọ̀ ti lọ, ọ̀gá."

Nídìí ẹ̀rọ, ọkùnrin síńgbọnlẹ̀ kan ń nu ọwọ́. Òun ló ń darí ẹ̀rọ náà láti ọdún méjìdínlógún wá. Oògùn kan ṣoṣo ló mọ̀ fún gbogbo àìsàn rọ́bà, òun náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ: Fi-iná-sí-i.

"Wọ́n ní ìwọ àti Ẹnjiníà ò rẹ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, mà? A máa ń kí ara wa."

"Báwo lẹ ṣe ń kí ara yín?"

"Òun á ní 'Ẹ káàárọ̀.' Èmi á ní 'Hùn.'"

Sájẹ́ǹtì wú ikọ́ tí kò wú u.

"Kí ló fà á?"

"Iṣẹ́ ooru niṣẹ́ mi, mà. Ó dé, ó ní ká dín ooru kù. Bí irin bá ń bá mi mi rọ́bà, kí ni wọ́n tún ń fi èmi ṣe?"

"Ìyẹn lo ṣe bà á jẹ́?"

"Èmi kẹ̀!" Ó mú òòyà kan nínú garawa, ó nà án sí i. "Bí mo bá fẹ́ bà á jẹ́, màá fi iná sí i ni! Rọ́bà á jó, á dúdú, á máa rùn. Ṣé èyí dúdú?"

Kò dúdú. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ béèrè bóyá ó ń kọ ìwọ̀n ooru sílẹ̀. Ó ń kọ ọ́, nínú ìwé kan tó kún fún epo. Ooru ti òní àti ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, bákan náà. Agbára tí wọ́n fi ti rọ́bà, bákan náà. Rọ́bà fúnra rẹ̀, láti inú àpò kan náà tí wọn ò tíì lò tán.

"Tan Ahọ́n fún mi."

Fi-iná-sí-i tẹ bọ́tìnì àpótí. Iná àwọ̀ ewé tàn. Kò sí ariwo.

"Ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn," ni Alága wí. "Iná ti tàn."

"Iná ní àpótí ń pe Ahọ́n. Kò sọ fún wa bóyá Ahọ́n gbọ́. Sájẹ́ǹtì, ẹ fún mi ní omi yín."

"Omi mi, ọ̀gá?"

"Ẹ̀kán kan."

Ó kán an sí ẹ̀yìn Ahọ́n, níbi tó yọ síta láti inú mọ́ọ̀dù. Ẹ̀kán omi náà jókòó síbẹ̀, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ẹyin nínú ìtẹ́.

Fi-iná-sí-i mi orí. "Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, omi kì í pẹ́ níbẹ̀, mà. Á fọ́nká lójú ẹsẹ̀, á di ìkùukùu. Ẹnjiníà máa ń fi dá wa lára yá."

"Ahọ́n ti kú, nígbà náà. Ta ló kọ́kọ́ mọ̀ lónìí pé nǹkan bàjẹ́?"

"Òun náà ni. Òòyà kẹta jáde, ó ní kí n dúró. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, ó yọjú wo inú mọ́ọ̀dù. Ìgbà tó yọrí jáde, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó gba ìròyìn òkú. Mo ní ṣé ká máa bá a lọ. Ó ní ká máa bá a lọ. Ó jókòó, kò sọ nǹkan kan mọ́."

"Ta ló so Ahọ́n mọ́bẹ̀ kẹ́yìn?"

Ọkùnrin náà tún nu ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. "Èmi ni, mà. Mo tú u ní Ọjọ́bọ̀ kí n lè fọ mọ́ọ̀dù. Ẹnjiníà ò sí, ó lọ sí ọ́fíìsì Nọ́ọ̀sì Àgbà nítorí ìwé. Mo gbé Ahọ́n sórí bẹ́ńṣì, mo lọ sílé. Ní Jímọ̀ mo so ó padà. Mi ò fi nǹkan kan ṣe é, mo fi ikú ìyá mi búra."

"Ìyá rẹ ti kú?"

"Rárá, mà. Ó wà nílé."

"Òun ló ṣe é!" ni Alága ké. "Ó jẹ́wọ́! Sájẹ́ǹtì, ẹ mú òun náà!"

"Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kan ṣoṣo la mú wá, sà," ni Sájẹ́ǹtì dáhùn.

*

Aago méjì kọjá. Ìyá Síbẹ̀síbẹ̀ padà sí ọ́fíìsì, ó jókòó ti òòyà méjìlá náà. Òun àti Sájẹ́ǹtì nìkan ni.

"Fi-iná-sí-i ni, ọ̀gá," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ìdí wà, àyè wà, ọwọ́ rẹ̀ ló sì kàn án kẹ́yìn."

"Síbẹ̀síbẹ̀, ìwé rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ba nǹkan jẹ́ kò ní pa ẹ̀rí mọ́ nínú ìwé epo. Kò sì mọ ohun tó ń pa Ahọ́n. Ooru nìkan ló mọ̀."

"Ta ló kù?"

Ìyá Síbẹ̀síbẹ̀ sún mọ́ tábìlì. Ó di ojú rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò pa òòyà tó dára lára, láti orí dé ìdí. Ó fi pa èyí tí kò dára. Ó tún padà sí ti àkọ́kọ́.

"Sájẹ́ǹtì, láti àárọ̀, kí ni gbogbo èèyàn ń wò lára òòyà yìí?"

"Eyín tí kò hù."

"Ohun tó dín ni wọ́n ń wò. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ níbí. Kí lẹ rí?"

Sájẹ́ǹtì fọwọ́ kàn án. "Ó wú díẹ̀. Bíi bọ́tìnì ẹ̀wù."

"Lára èyí tó dára ń kọ́?"

"Ó tẹ́jú."

"Nǹkan kan dín lára òòyà, nǹkan kan sì lé. Mo fẹ́ kálípà."

Ẹnjiníà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí ó yá wọn ní kálípà, ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ fún àpò àyà náà mọ́ra kí ó tó yọ ọ́. Kò béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi wọ̀n. Gbogbo òòyà méjìlá ni Ìyá Síbẹ̀síbẹ̀ wọ̀n. Wíwú náà jẹ́ mìlímítà kan lára gbogbo wọn, kò lé, kò dín.

"Ohunkóhun tó bá wà nínú mọ́ọ̀dù, rọ́bà á gbé e jáde," ó ní. "Alága fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Orí Ahọ́n ló yẹ kí ó bá ògiri mọ́ọ̀dù dọ́gba. Bí òòyà bá wú síta níbẹ̀, a jẹ́ pé Ahọ́n ò dé ibi tó yẹ kó dé. Àlàfo wà, rọ́bà sì wọ inú àlàfo náà. Ahọ́n ti fi mìlímítà kan kúrú."

"Irin kì í sún kì bí aṣọ, ọ̀gá."

"Kì í sún kì. Ẹnì kan ló gé e. Ta ló ń gé irin nínú ilé iṣẹ́ yìí?"

*

Yàrá náà wà lẹ́yìn ilé, lódìkejì àgbàlá, níbi tí ariwo gbọ̀ngàn kì í dé. Fáìlì, irin tí wọ́n fi ń fá irin dán, tó lé ní ọgbọ̀n so kọ́ ara ògiri láti orí èyí tó gùn bí apá títí dé èyí tó kéré bí abẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ léètì, tó ń yí irin bírí kí ọ̀bẹ lè máa fá a, wà láàárín. Abẹ́ rẹ̀ mọ́, àfi agolo kan tí wọ́n da èérún irin sí. Bàbá arúgbó tó wà nídìí rẹ̀ ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú yàrá náà. Bàbá Fáìlì ni wọ́n ń pè é.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Káàsán, ọmọ mi. Sọ̀rọ̀ sókè, ẹ̀rọ ti jẹ mí létí. Kí ló ń ró níbàdí ọkùnrin yẹn?"

"Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni, Bàbá."

"Gbé e wá." Ó ti gbà á kí Sájẹ́ǹtì tó lè ṣe ohunkóhun. Ó fi ìka pa etí rẹ̀, ó ṣe ṣìọ̀. "Ẹ wo etí rẹ̀ bó ṣe mú. Èyí á gé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Ta ló ṣe irú iṣẹ́ yìí?" Ó fa fáìlì kékeré kan yọ nínú àpò ṣòkòtò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá a.

Sájẹ́ǹtì wo ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ń wo inú agolo. Èérún irin kan wà lókè tó tàn yàtọ̀, ó ká bí irun àgùntàn.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ Ahọ́n?"

"Ti ọmọ mi? Báwo ni mi ò ṣe ní mọ̀ ọ́n? Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka kálípà, orí àpótí yẹn ló máa ń jókòó sí." Fáìlì ń lọ, ó ń bọ̀. "Ahọ́n yẹn, ẹni tó ṣe é ò parí iṣẹ́. Ojú rẹ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́. Mo rí i lórí bẹ́ńṣì ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo ní, ṣé èyí làlejò máa rí? Kí wọ́n máa rò pé ọmọ mi ò mọ́ tónítóní? Mo gbé e sórí léètì, mo fá a lẹ́ẹ̀mejì. Ìdajì mìlímítà, ìdajì mìlímítà. Mo dá a padà síbi tí mo ti mú un."

"Ṣé ẹ sọ fún un?"

"Kí n máa sọ kí ni? Kí ó kàn rí i pé ó dán." Ó gbójú sókè. "Àlejò ti dé, àbí? Ṣé wọ́n rí i?"

"Wọ́n rí i, Bàbá."

"Inú ọmọ mi dùn?"

Ìyá Síbẹ̀síbẹ̀ mú èérún tó ń tàn náà nínú agolo. Sájẹ́ǹtì ń wo bàtà rẹ̀.

"Ẹ má sọ fún Alága pé èmi ni o," ni Bàbá ń bá a lọ. "Lọ́dún tó kọjá mo fá eyín jíà kan tí wọn ò rán mi. Ó fún mi níwèé ìkìlọ̀ ìkẹyìn. Ó ní bí mo bá tún fọwọ́ kan iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbé fún mi, kí n máa lọ sílé." Ó fẹ́ èérún kúrò lára ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó dá a padà fún Sájẹ́ǹtì. "Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe nílé? Kò sí irin níbẹ̀."

*

Ẹnjiníà ṣì wà níbi tó wà. Ìyá Síbẹ̀síbẹ̀ jókòó tì í, ó gbé kálípà lé e lọ́wọ́.

"Mìlímítà kan," ó ní.

Ọmọbìnrin náà pa ojú dé.

"O wọn bíró. O wọn tábìlì. O wọn ọmọrí ìgò Sájẹ́ǹtì. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí o wọ̀n nínú ilé yìí ni o kọ̀ tí o ò wọ̀n. Ẹni tí kò bá wọn nǹkan ti mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ìgbà tí o yọjú wo inú mọ́ọ̀dù, tí o rí i pé ojú Ahọ́n ń dán, o mọ ọwọ́ tó ṣe é."

"Kò sẹ́lòmíràn tó ń fá irin bẹ́ẹ̀ yẹn, mà." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Èmi ni kí ẹ mú. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí, màá rí ibi iṣẹ́ mìíràn. Bàbá ò ní rí."

"Jìbìtì kì í ṣe aṣọ tí èèyàn ń gbà wọ̀ fún ọjọ́ kan. Bí o bá fi orúkọ rẹ sí i, ibikíbi tí o bá ti tọrọ iṣẹ́, yóò ti débẹ̀ ṣáájú rẹ. Iṣẹ́ oṣù mẹ́wàá á di pàǹtí. Mi ò fẹ́ràn ìdànù. Ṣé ó ṣeé tún ṣe?"

"Ó ṣeé ṣe." Kò lè pa ìyẹn mọ́ra. "Ahọ́n tó kúrú ń gbọ̀n yára ju èyí tó gùn lọ, bí fèrè kékeré ṣe ń dún tín-ín-rín. Àpótí ṣì ń pè é ní ohùn àtijọ́. Ó dà bí ẹni tó ń ti ọmọ lórí jangirọ́fà ní àsìkò tí kò bá fífì rẹ̀ mu. Agbára ń lọ, ọmọ ò lọ síbì kankan. Bọ́tìnì kan ni mo máa yí."

"Àlàfo yẹn ń kọ́?"

"Òrùka irin kan ló wà níwájú èjìká Ahọ́n tí kì í jẹ́ kó wọlé jù. Bí a bá fi òrùka tó fi mìlímítà kan fẹ́lẹ́ jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, Ahọ́n á sún síwájú."

"Ta ló lè ṣe irú òrùka bẹ́ẹ̀ kí aago mẹ́rin tó lù?"

Ẹnjiníà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹnì kan ṣoṣo ni."

"Lọ bá a. Sọ òtítọ́ fún un. Kì í ṣe ọmọdé."

*

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú nígbà tí Bàbá Fáìlì wọ gbọ̀ngàn, níbi tí Alága, Nọ́ọ̀sì Àgbà àti àwọn ọlọ́pàá ti ń dúró; ó di òrùka mọ́ àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni tó di oògùn mú. Ó ti gbọ́. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú.

"Èmi tí mo kọ́ ọ ní wíwọ̀n," ó ní fún ọmọ àbúrò rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ni, Bàbá."

"Mi ò sì wọ̀n ọ́n."

"Ẹ ò wọ̀n ọ́n."

Bàbá na òrùka náà sí i. Ó gba kálípà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ́kọ́ fi wọn òrùka lójú rẹ̀ kí ó tó jẹ́ kó gbà á.

Alága ti lóye. Iṣan ọrùn rẹ̀ ti yọ. "Bàbá! Ìwé ìkìlọ̀ ìkẹyìn ni mo fún yín! Mo ní bí ẹ bá tún fọwọ́ kan iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbé fún yín..."

"Sájẹ́ǹtì," ni Ìyá Síbẹ̀síbẹ̀ wí, "ẹ bá mi já ìwé kẹta lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Sájẹ́ǹtì mú un dé. Ó gbé e fún Alága.

"Ẹ kà á sókè, ẹ jọ̀ọ́."

Alága kà á. Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń lọ. "Gbogbo irin tí ojú àlejò máa kàn... gbọ́dọ̀ dán bí dígí."

"Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Èmi ni."

"Nọ́ọ̀sì Àgbà, ṣé ojú yín kan Ahọ́n lónìí?"

"Ó kàn án, nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ," ni Nọ́ọ̀sì Àgbà dáhùn. "Ó dán gan-an. Òun nìkan ló wù mí láàárọ̀ yìí."

"Alága, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbé fún un ni ìwé ìkìlọ̀ yín kà léèwọ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé èyí fún un. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló ba Ahọ́n jẹ́, orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ ìwé yẹn."

Alága wo ìwé náà fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé ó lè tún ara rẹ̀ kọ. Lẹ́yìn náà ó ká a, ó kì í bọ àpò.

Fi-iná-sí-i fi òrùka sí i, ó so Ahọ́n padà. Ẹnjiníà kúnlẹ̀ níwájú àpótí. Sájẹ́ǹtì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, kán omi rẹ̀ sí ẹ̀yìn Ahọ́n. Omi jókòó. Ẹnjiníà yí bọ́tìnì díẹ̀. Omi jókòó. Ó tún yí i, kò tó fífẹ̀ èékánná. Ojú omi náà gbọ̀n rìrì, ó sì parẹ́. Ìkùukùu kékeré kan ló gòkè lọ níbi tó wà.

"Hùn," ni Fi-iná-sí-i wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ẹnjiníà."

Òòyà àkọ́kọ́ bọ́ sínú garawa. Nọ́ọ̀sì Àgbà mú un nígbà tó ṣì gbóná, ó fi èékánná ka eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo èèyàn dúró dè é. Ó dé ogójì, ó ń lọ. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ìka pa á, ó tẹ́jú.

"Mẹ́rìnlélógójì," ó ní. "Ó kù kí ẹ fi bíi ogún han mí sí i. Ọkọ̀ mi á dúró."

Ìyá Síbẹ̀síbẹ̀ ṣí ìwé ẹ̀sùn, ó kọ ìlà kan ṣoṣo sí i: kò sí jìbìtì, kò sí ẹlẹ́ṣẹ̀, a dá ohun tó sọnù padà. Ó ní kí Alága fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i.

Àwọn ọlọ́pàá méjèèjì ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí wọ́n gbọ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn figbe ta: "Bàbá!"

Wọ́n bojú wẹ̀yìn. Bàbá Fáìlì dúró níwájú Ahọ́n, òòlù lọ́wọ́ kan, irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ lẹ́tà sára irin lọ́wọ́ kejì.

"Mo kàn fẹ́ kọ ọ́ sára rẹ̀," ó ní, "pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Ẹnjiníà gba òòlù, ó fún un ní páálí àti ṣọ́ọ̀kì.

Ní ìta, Sájẹ́ǹtì gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ rẹ̀ sínú oòrùn, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Etí rẹ̀ kò mú mọ́ níbì kankan.

"Ọ̀gá, iṣẹ́ dáadáa ni bàbá yẹn ṣe o."

"Ẹ kì í bọ àpò, Sájẹ́ǹtì. Ẹ jẹ́ ká lọ wá nǹkan tẹ́ ẹ máa jẹ."